Ẹni Tó Jí Ohùn Ọ̀gá Ikọ́

Mọ́ńdè, 5 Méè 1958
Ìyá mi lé mi kúrò nídìí àtẹ. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi ohùn Bàbá Mùkáílà, onílé wa, bá oníbàárà sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ṣáà ní kí obìnrin kan gbé abọ́ sílẹ̀ ni. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún ń bẹ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Èwo ni tèmi?
Abena, ọ̀rẹ́ mi ní ilé kejì, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní Anago — bí àwọn onílẹ̀ ibí ṣe ń pe àwa Yorùbá — ò dáa.

Àtàlátà, 6 Méè
Ẹ̀gbọ́n mi Kàsímù — Bùrọ̀dá Wáyà, torí wáyà ò kúrò lápò rẹ̀ — ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, nídìí rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn tó wà nínú bàálù sọ̀rọ̀. Tilé wa, asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Tiwọn ń gbèsì.
Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń ṣe ìwádìí kan. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rédíò yẹn lè pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá pápákọ̀, kó ní kí bàálù yà sọ́tùn-ún. Bàálù á yà. Ohùn ni wọ́n ń gbọ́ lókè, wọn ò rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.
Bí ọ̀gá wọn bá gbà á, Bùrọ̀dá á lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nílùú òyìnbó ní Ọ́gọ́ọ̀sì. Bí kò bá gbà á, ẹlòmíràn ló ń lọ. Ọ̀gá ò gbà. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ṣe ohùn òun.
Mo bi Bùrọ̀dá pé báwo lohùn ọ̀hún ṣe rí.

Àlàmísì, 8 Méè
Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá Bùrọ̀dá níbi iṣẹ́. Ẹnu ya Ìyá mi.
Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé lorúkọ ọ̀gá náà, ará Ọ̀yọ́, alàgbà ìjọ. Ọ̀gá Ikọ́ lèmi ń pè é. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ohùn á wá jáde bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ǹtì.
Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo tún kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kí i, kó lè máa dáhùn. Ó bi Bùrọ̀dá bóyá ara mi dá.

Sátidé, 10 Méè
Mo ti rí ohùn náà mú. Ọ̀fun ń dùn mí.

Àlàrùbá, 14 Méè
Standard Five ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, n ò mọ Gẹ̀ẹ́sì bàálù. Bùrọ̀dá ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi bí etí ṣe ń gbọ́ ọ.
Mo dán ohùn náà wò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo ní Kàsímù ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó já jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú — mò ń bọ̀ sà, mò ń bọ̀ sà. Ó bínú títí dìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ó dáa.
Ó ní Ọ̀gá ti gbà ká dán an wò lójú òun. Àmọ́ ó kìlọ̀. Yàrá méjì la máa lò, wáyà ló máa so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ kankan ò gbọdọ̀ bọ́ sí afẹ́fẹ́. "Èèyàn ló wà nínú bàálù, Làtífá. Ẹnu ẹ ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn." Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín — fúngbà díẹ̀.

Mọ́ńdè, 19 Méè
Yé. Mo ti bà á jẹ́.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣàkírù, tó máa ń jókòó ti rédíò nínú bàálù gan-an, wà ní yàrá kejì, ó ń ṣe bí ẹni wà lókè. Wọ́n ní tó bá fura, kó pariwo. Ọ̀gá Ikọ́ kọ́kọ́ fi ohùn ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán, ó ká apá, ó jókòó tì mí.
Ikọ́ méjì. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun ti sọ̀. Mo ní kó yà sósì. Ó yà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọ̀gá Ikọ́ ń wo ẹnu mi bí ẹni rí agbádá rẹ̀ lọ́rùn olè.
Ó ku àṣẹ ẹyọ kan. Ṣàkírù bá sín. Ó ní "Alhamdulillahi."
Nínú ilé wa, tẹ́nì kan bá sín tó dúpẹ́, tóo dákẹ́, Ìyá mi á fa etí ẹ. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú ohùn alàgbà ìjọ: "Yarihamukallahu."
Ṣàkírù ní, "Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé, ọjọ́ wo lẹ gba ẹ̀sìn wa?"
Ọ̀gá ní ọwọ́ ti bà mí, ìwádìí ti já sí pàbó. Bùrọ̀dá ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ṣàkírù gbọ́ràn sí mi lẹ́nu kó tó sín; ṣé ẹ̀fínkìn ni yóò máa gba bàálù sílẹ̀ ni? Ọ̀gá ní hùn-ún.

Àtàlátà, 20 Méè
Bùrọ̀dá ò jẹun. Mo fi ohùn Ìyá wa bẹ̀ ẹ́. Mo fi ti lèmọ́mù bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá mo fi tèmi bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ díẹ̀.

Àlàmísì, 22 Méè
Bùrọ̀dá ti ronú kàn án. Ọ̀rọ̀ àṣírí kan láràárọ̀, káwọn tó wà nídìí rédíò àtàwọn tó fẹ́ gbéra nìkan mọ̀ ọ́n. Bí àṣẹ kan bá ṣàjèjì, kí ẹni tó wà lókè béèrè: ọ̀rọ̀ òní dà? Tí kò bá sí ọ̀rọ̀, kò sí ìgbọràn, ì báà jẹ́ ohùn bàbá tó bí i.
Ọ̀gá ní kí wọ́n tún gbìyànjú lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan péré. Òun fúnra òun ló máa yan ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò ní sọ ẹni tó ń bọ̀ fún Ṣàkírù. Mo ní n ó wá. Ìyá mi ní ibo?

Jímọ̀, 23 Méè
Bí Bùrọ̀dá ṣe sọ ọ́ nìyí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń di ògiri mú.
Ọ̀gá Ikọ́ fúnra rẹ̀ ló wọ yàrá. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Ṣàkírù yà sọ́tùn-ún. Ṣàkírù ní ọ̀rọ̀ òní dà?
Ọ̀gá ti gbàgbé.
Ó tú àpò ṣòkòtò. Ó ní Abọ́dúndé nìyí. Ṣàkírù ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ dà? Ọ̀gá bínú, ikọ́ di méje. Ó ní òun ti ń jókòó ti rédíò nígbà tí Ṣàkírù ò tíì lè wọ ṣòkòtò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka "Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run," kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni.
Ṣàkírù ní, "Làtífá, ó tó. Tòní tiẹ̀ dáa ju ti Mọ́ńdè lọ. Dìde níbẹ̀, lọ ran ìyá ẹ lọ́wọ́."
Ọ̀gá jáde, òógùn bò ó. Ìdúró ló wà tó fi buwọ́ lùwé Bùrọ̀dá. Ọ́gọ́ọ̀sì ló ń lọ.
Ṣàkírù ò sì tíì gbà pé kì í ṣe èmi. Ó fi búrẹ́dì odindi kan rán Bùrọ̀dá sí mi, ó ní mo kú iṣẹ́. Ilé ni mo wà látàárọ̀, mò ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Mo jẹ búrẹ́dì náà.