Omi Tí Mò Ń Bù Sí Mọ́tò Bọ̀ọ̀dá Délé

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn àbúrò mi, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀wọ́n gbogbo nǹkan yìí. Láti Ìsìkàn níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, torí bó bá wà nínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí, n ò ní fi ránṣẹ́ láé.

Mo ṣì ń kọ́ aṣọ rírán lọ l'Ọ́jà Ọba. Òjò ń rọ̀ ṣáá. Nígbà mìíràn màá dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, màá máa wo òjò, ọ̀gá mi á ní ṣé ọkọ mi ló ń bọ̀ látòkè ni.

Ẹ mọ mọ́tò tí àbúrò yín, Bọ̀ọ̀dá Délé, rà nígbà tí epo di góòlù, èyí tó ń lo epo, tó tún ń lo iná bátìrì. Ó ti gbó, àmọ́ òun ni wọ́n fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlárá-Mọ̀kín. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láàárọ̀, kì í dún rárá. Ẹ ó kàn rí i tí àwọn ilé ń lọ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹ ń sùn. Mo máa ń dijú. Màá ní báyìí ló ṣe máa gbé wa kọjá odò Ọ̀wẹnà, títí dé ẹnu ọ̀nà yín l'Oǹdó, tí ajá Bàbá Àgbà ò tiẹ̀ ní gbó.

Bọ̀ọ̀dá ti ní bí mọ́tò bá ṣáà ti ń ṣe dáadáa, àwọn á gbé mi wá kí yín níparí oṣù. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí n ò tíì rí yín, Màámi.

Èmi ni mo máa ń wo omi mọ́tò láràárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí. Omi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo wo abẹ́ mọ́tò, ilẹ̀ gbẹ. Bọ̀ọ̀dá á bi mí, màá ní omi pé, nígbà tó jẹ́ pé mo ti yára bù ú kún láti inú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó wẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọ́, Oǹdó ti parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mọ́tò gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, èéfín funfun ń rú lẹ́yìn ẹ̀, ó sì kú. Ẹni tó ń ṣe bátìrì wò ó díẹ̀, ó ní bátìrì ńlá abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló ti lọ. Iye tó pè, ńṣe ni Bọ̀ọ̀dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ìyàwó wọn ní òun ti sọ pé ọ̀kadà ni kí wọ́n rà, àmọ́ Bọ̀ọ̀dá ní mọ́tò ọlọ́kàn méjì ló wu àwọn, ọkàn méjèèjì ti wá daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ra mọ́tò láti tú u tà dé. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ń pe owó tí kò tó nǹkan, Bọ̀ọ̀dá sì ti fẹ́ gbà. Mo rí ojú wọn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀.

Wọn ò lù mí. Wọ́n kàn pe mẹkáníìkì wọn àtijọ́. Bàbá náà ṣí rédíétọ̀, ó ní kí wọ́n tún tan mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, omi ti ń hó bí ẹ̀kọ lórí iná. Ó ní bátìrì ò ṣe nǹkan kan, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń pààlà sáàárín omi àti iná nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ló ń mu omi, tó ń fi ṣe èéfín. Ó yíjú sí mi, ó ní èmi tí mò ń fún un mu, mo kú iṣẹ́ ìyá.

Wọn ò ta mọ́tò mọ́. Àmọ́ ooru ti mú kí orí ẹ́ńjìnnì tẹ̀, owó tá a fẹ́ fi wá sílé ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá náà ní ká ní wọ́n tètè mọ̀ ni, ọjọ́ méjì péré àti owó díẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀ ì bá gbà. Màámi, à bá ti wà lọ́dọ̀ yín báyìí. Bọ̀ọ̀dá kàn ní kí n wá jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo bi yín lórí fóònù nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, tí ẹ ní kò ṣe nǹkan, ohùn yín dà bí tèmi nígbà tí mò ń sọ pé omi pé. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tó bá burú, màá wọ mọ́tò èrò wá.

Kí Ọlọ́run tì yín lẹ́yìn, kó jẹ́ ká fojú rinjú láyọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, Táyé, Kẹ́hìndé àti gbogbo agboolé.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Fúnmi