Omi Odò Tí Mo Sè fún Ìjọba

Nyakio ọmọ mi, ìwọ tó ń jẹ́ orúkọ ìyá tó bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Nairobi? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run tó ni òkè Kirinyaga kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn burúkú rẹ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Orúnkún mi kò gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò mọ́, màlúù wa ń wúkọ́, bàbá rẹ sì ń ráhùn lójoojúmọ́ pé ẹ̀wà tí mò ń sè pọ̀ mọ́ àgbàdo nínú gìtẹ́rì kò tó nǹkan. Ó ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ koríko yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pé nígbà tí omi ẹ̀rọ yín ń pọ́n lọ́hùn-ún, àwọn ìjọba wá, wọ́n ní ilẹ̀ oko wa ni ẹ ń mu. Wọ́n ní kí n hú kókò àti àgbàdo etí odò, kí n gbin eèsún síbẹ̀ kó di ilẹ̀ mú, àwọn á máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sínú fóònù ní ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan. Mo gbìn ín. Owó náà wọlé lóòótọ́, mi ò sì jẹ́ kí Kariithi, ará òdìkejì odò, fi fóònù náà pe ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó lè fi ọ̀rọ̀ ti owó jáde.

Lẹ́yìn òjò ńlá tó kọjá, Mugweru tó ń ti ọ́fíìsì omi wá bẹ̀ wá wò fún mi ní ìgò kan, ó ní kí n bu omi odò sí i, àwọn ọ̀gá fẹ́ rí i. Ọmọ mi, omi ọjọ́ náà kò ṣe é wò, ẹrẹ̀ oko àwọn ará òkè ló ń gbé bọ̀. Ṣé irú omi bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé síwájú àgbà? Ẹ̀yin ará ìlú lè má ka èyí sí, àmọ́ nílé tiwa, àlejò kì í mu ẹrẹ̀. Mo jẹ́ kó tòrò, mo fi gèlè ṣọ́ọ̀ṣì mi sẹ́ ẹ, mo sè é, mo jẹ́ kó tutù kí n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Díẹ̀ ló kù kí n fi ewé tíì àti wàrà sí i, màlúù ni kò fún wa ní wàrà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Mugweru padà wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Omi tiyín ló mọ́ jù, iṣẹ́ ti parí níbí. Owó náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí omi tiwọn ṣì dọ̀tí." Kariithi tí kò gbin ewé kan, tó kàn ki ìgò tiẹ̀ bọ ẹrẹ̀, òun ni wọ́n ń sanwó fún báyìí. Ìyá Olómi-mímọ́ ló ń pè mí.

Inú ń bí mi, Nyakio. Ta ló ń yọ òpó ilé torí pé ilé kò wó? Mo bi Mugweru bóyá sísè náà ni kò tó. Ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní ìwé ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè. Jọ̀ọ́, bá mi dé ọ́fíìsì wọn, sọ fún wọn pé mo ní igi ìdáná, mo lè sè é lẹ́ẹ̀mejì.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹ̀wà àti oògùn màlúù. Rọra fi í ránṣẹ́, ojú fóònù náà ti sán, kí owó má lọ jò dànù.

Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn kí òjò tó dé, mà á hú eèsún náà, mà á gbin àgbàdo padà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ jẹun ni. Ayé rẹ á tòrò, ọmọ mi, bí omi ẹ̀rọ rẹ tiẹ̀ pọ́n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Gathoni