Àwòrán tí Mo Yà Pẹ̀lú Àbẹ́là

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? O ò ní fẹsẹ̀ kọ, àárẹ̀ ò ní mọ ilé rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún ṣì ń dà á láàmú, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé. Èmi náà wà láàyè. Jọ̀wọ́, tún ìlà yẹn kà kó o tó máa bá a lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo gbé àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ojú mi lè hàn, mo wọ aṣọ funfun tó o rà fún mi, mo ní kí bàbá tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi yà mí, kó sì gbé e síbi tí gbogbo ayé ti ń wo ara wọn, kó o lè rí i pé mo ti sanra díẹ̀. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, àwọn orí róbótó kéékèèké tó ń da omi lójú ti kún abẹ́ rẹ̀. Mo rò pé torí iná ni wọ́n ṣe ń bá wa kẹ́dùn. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà láàánú o, mo sì ní kí oní-fóònù bá mi dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, ó ti mọ́ wa lára. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí àbẹ́là bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ó ti kú nìyẹn.

Obìnrin tí mò ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ló kọ́kọ́ dé, ó wá kó pákó rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní àbúrò olóògbé ni mí, àbí, mo mà jọ ọ́ o. Mo ní èmi gan-an ni. Ó ní kí n ṣe ọkàn gírí, pé ìbànújẹ́ máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó kó pákó rẹ̀ lọ, èyí tí mo ti fá àtèyí tí mi ò tíì fá.

Mo lọ sípàdé ẹgbẹ́ káfíńtà. Kí n tó jókòó, wọ́n ní ká dìde fún ìṣẹ́jú kan nítorí olóògbé. Mo bá wọn dìde. Nígbà tá a jókòó, mo ní ẹ̀yin èèyàn mi, èmi rèé o. Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ ń wo ara wọn lójú. Alága ní òun náà rí mi, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ìpàdé ti fọwọ́ sí i, ohun tí ilé bá sì ti fọwọ́ sí, ẹnì kan ò lè dá yí i. Iṣẹ́ àga ilé-ìwé tí wọ́n ti ṣèlérí fún mi, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn.

Ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ọmọ mi, níbo ni mo ti fẹ́ rí ogún ọdún? Lánàá, ẹnì kan kí mi lójú títì, ó ní àbúrò olóògbé, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ní a dúpẹ́. Mo ti rìn síwájú kí n tó mọ ohun tí mo sọ, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Nípàdé ọjọ́ yẹn, mo bi alága pé ta ló sọ fún wọn. Ó ní, “Ọmọ rẹ ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán yẹn. Ṣé ọmọ á purọ́ ikú mọ́ bàbá ẹ̀ ni?”

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Oní-fóònù kà á fún mi: Sùn-ún re o, Bàbá mi. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n o ò pè mí kó o tó kọ ọ́. Nígbà tí mo pè ọ́, o pa fóònù. Oní-fóònù ní kò sẹ́ni tó máa rí ìpè òkú tó máa gbé e. Ìyá rẹ pè ọ́, inú ló ń bí i tó fi bú sẹ́kún, o sì ní kó má sunkún mọ́, pé Bàbá ti lọ sinmi. Ó dùn mí o.

Mo gbọ́ pé o ti ń kówó ìsìnkú jọ. O káre. Bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀ kí n fi ra pákó àti ìṣó, kó o fi èyí tó kù wọkọ̀ wálé. Má kọ nǹkan kan mọ́ sábẹ́ àwòrán yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wá ká jọ lọ sípàdé, kó o pè mí ní Bàbá lójú gbogbo wọn, kí n dá ọ lóhùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Wàá jẹun ọmọ. Àwọn ọmọ tìrẹ á máa pè ọ́ kí wọ́n tó sunkún rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.