Ìwọ́ Mi Wà Lábẹ́ Igi Ọsàn

Òkìkíọlá ọmọ mi,

Mo kí ẹ, mo kí àǹtí rẹ Tabitha tó gbà ẹ́ sílé ní Abúlé Òkúta, mo kí gbogbo ará Bàrígà tó ń ṣe dáadáa sí ẹ. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ìwé ń wọlé? Ọlọ́run tó mú ẹ wọ yunifásítì kò ní jẹ́ kí o jáde níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Mo ti ń pè ẹ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ló máa ń gbé e. Òyìnbó ló ń sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù, ó jọ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Mo máa ń kí i, mo sì máa ń ní kó bá mi sọ fún ẹ pé ara mi yá. Àlímì awakọ̀, tí yóò mú lẹ́tà yìí dé Fádèyí, ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, pé wọ́n ti láìnì mi pa ni torí pé n kò ní nọ́ńbà ìjọba. Bí obìnrin náà bá ti jíṣẹ́ fún ẹ, má bínú pé mo tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba igbó ẹ̀yìn wa kọjá, ìjọba ní nítorí ààbò, kí gbogbo àwa tí a wà lẹ́nu ààlà wá fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni wá. Mo ní ó dára. Mo wọ aṣọ tí mo fi di díákónì, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n tẹ ìka lé dígí kan, ó ní dígí náà kò rí ìka mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù fún un, pé ìka oko ni. Mo lọ fọ ọwọ́, mo fi òróró pa á, dígí rí i. A jọ dúpẹ́.

Ó wá bi mí pé ibo ni wọ́n bí mi sí. Mo sọ òtítọ́. O mọ oko wa ní òdìkejì odò. Ìyá mi ń ṣa èso ẹmì níbẹ̀ nígbà tí ọmọ mú un, ibẹ̀ ló bí mi sí, ó sì gbé mi padà wá sílé. Ọmọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní bàbá, òdìkejì odò kì í ṣe Nàìjíríà, Kútọnu ni. Mo ní oko wa ni. Ó ní Kútọnu ni. Mo ní kó má bínú, ìyá mi kò mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un lọ́jọ́ náà.

Mo wá sọ èyí tó yẹ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ní nígbà tí ìwọ́ mi já, ilé níbí ni wọ́n rì í sí, wọ́n sì gbin igi ọsàn lé e lórí, igi tí ìwọ fúnra rẹ jábọ́ láti orí rẹ̀ tí o fi ní àpá ní ìgbọ̀nwọ́. Ó wò mí títí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà kò ní àyè fún ìwọ́. Ó kọ àjèjì síwájú orúkọ mi, ó sì gba káàdì ìdìbò mi. Òkìkíọlá, láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń dìbò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, n kò tiẹ̀ mọ apá ibi tí ilé wà mọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n padà lọ sọ pé inú ilé ni wọ́n bí mi sí, ó tán. Bóyá àwọn ló gbọ́n. Torí kì í ṣe èmi nìkan. Akọ̀wé káńsù ní òun kò lè fún ẹ ní ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí ilé ìwé rẹ ń bèèrè, nígbà tí bàbá rẹ jẹ́ àjèjì. Tabitha sì ránṣẹ́ pé ọlọ́pàá dá ẹ dúró ní Fádèyí, wọ́n ní Yorùbá ẹnu rẹ jọ ti Kútọnu, pé láti ọjọ́ náà o kì í fẹ́ lanu nígboro mọ́. Ọmọ mi, ohùn ìyá mi ni ohùn yẹn. Má gbé e mì.

Dọlápọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọ oṣù ìbí. Òun ló máa ń bá mi lọ sóko tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ilé ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, kò jẹ́ sún mọ́ odò. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ mú òun níbi tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ẹ̀pà wa tí a kò tíì kó sì ti ń hù nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Ajé ni mo ń padà lọ. Màá ká nínú ọsàn igi náà dání fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò. Bí kò bá gbà síbẹ̀, màá sọ pé inú ilé ni, nítorí tìrẹ àti ti ọmọ tó ń bọ̀. Ìyá mi yóò gbọ́ ọ níbi tó wà. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Jọ̀wọ́, wá owó ọkọ̀ díẹ̀ fún mi. Àlímì ni kí o fi rán, má fi sínú fóònù, kó má lọ há sọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ọsàn díẹ̀ wà nínú àpò tó wà lọ́wọ́ Àlímì, fún àǹtí rẹ níbẹ̀.

Ọlọ́run kò ní sọ ẹ́ di àjèjì níbi tí o ti jẹ́ ọmọ. Ibi tí o bá ti lanu, wọn yóò dá ohùn rẹ mọ̀ sí rere.

Èmi ni bàbá rẹ,
Samson Ikúmápàyí,
Ìdí-Òrúrù, Nàìjíríà.

Mo kọ Nàìjíríà sí i nítorí àwọn sójà tó ń tú ẹrù lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ṣí lẹ́tà yìí, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá.