Kòkòrò Tó Mọ Ẹ̀gbọ́n Yàtọ̀ sí Àbúrò

                                        Yàrá Kẹrin, Ilé Àwọn Akọ́ṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtọ́jú Ìwé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú iṣẹ́ ilé. Ṣé dáadáa ni ìwé mi bá yín? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa irun orí mi tu nígbà tí mo wá? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yéé gun àga nu fèrèsé, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń gùn ún. Ní tèmi, ara mi le kokoko, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó máa ka èyí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní n kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án báyìí, mo sì ti gbayì! Ẹ má bínú, mo fẹ́ fọ́nnu díẹ̀.

Ìwé agbẹ̀bí kan tó ti dolóògbé ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láti tò. Ọdún méjìlá ni ìyá yìí fi ń kọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá gbẹ̀bí rẹ̀ sórí ewé ìwé kan: ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni, ilé ta ni, ta ni ìyá ọmọ, ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ṣùgbọ́n kì í kọ déètì o. Bí oṣù bá ti yí, á kọ orúkọ oṣù sórí ewé àkọ́kọ́, ó parí. Lópin ọdún, á fi píìnì so gbogbo rẹ̀ ní ìdì kan. Nítorí náà, bí ewé ṣe tẹ̀ lé ewé ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Pẹ́ńsùlù lẹ́yìn rẹ̀ torí pé kò gbọdọ̀ rí bírò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti kì wá nílọ̀ léraléra pé kí a tó tú ìdì kan, ká fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí igun ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é fún ìdì mọ́kànlá. Nígbà tó kan ìkejìlá, ó ti rẹ̀ mí, píìnì rẹ̀ sì ti dípẹtà, mo ní kí n kọ́kọ́ yọ ọ́ ná. Bí mo ṣe yọ ọ́ báyìí ni ẹnì kan tan fáànù. Yéè! Ewé mẹ́tàlélọ́gọ́rin fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Ìdì yẹn gan-an sì ni ìyá àgbà kan tí à ń pè ní Màmá Aránṣọ ń torí ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá kan náà ló bí òun àti obìnrin kan, ìyá wọn ló yàtọ̀, inú oṣù kan náà ni wọ́n sì bí wọn. Wọ́n bí òun lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n bí èkejì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́rú wo? Àbámẹ́ta wo? Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó kú, ó ti sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé, "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń rí. Àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sí èyí tó gbà fún èkejì, ọdún mọ́kànlá rèé tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màmá Aránṣọ ní kí ìwé ṣáà sọ ọ́, kí ìjà náà tán kí ikú tó bá wọn parí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, èṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ lò mí. Kí ló kù ju kí n fi Ọjọ́rú ṣáájú Àbámẹ́ta, kí Màmá Aránṣọ máa yọ̀, kí wọ́n gbàdúrà fún mi? Ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ mo pa oúnjẹ ọ̀sán mi tì. Mo lọ bá Ìyá Pẹ́ńsùlù, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún dé e padà. Wọ́n ní bí n kò bá rí ẹ̀rí, àwọn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdì náà ti dàrú, èmi fúnra mi ni n ó sì lọ sọ fún Màmá Aránṣọ. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ibi tí mo ti gbé ewé kan sókè síbi fèrèsé, kí n wò ó bóyá omijé ti bà á jẹ́, ni mo ti rí ihò kan lára rẹ̀. Mo gbé òmíràn, ihò! Kòkòrò ti jẹ ìdì náà láti èèpo dé èèpo. Ihò náà tóbi tó bọ́tìnnì lára àwọn ewé kan, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lára àwọn mìíràn, ó sì ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sétí ìwé. Kòkòrò kì í fo ewé jẹ! Bí mo bá ti rí ihò méjì tó bára mu, aládùúgbò ni wọ́n. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dúró síbi fèrèsé yẹn. Nígbà tí mo tò ó tán, mo wo àwọn ewé tó ní orúkọ oṣù lórí: Oṣù Kìíní wà níbi tí ihò ti tóbi jù, Oṣù Kejìlá wà níbi tó ti kéré jù, àwọn yòókù tẹ̀ léra wọn láàárín, ọ̀kan kò yẹ̀. Mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wọlé.

Ìyá Pẹ́ńsùlù kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n yọ ewé mẹ́wàá láàárín, wọ́n kọ ètò wọn pa mọ́ sínú àpò, wọ́n dà á rú, wọ́n ní kí n tún un tò. Mo tò ó lójú wọn. Wọ́n mú tinú àpò jáde, wọ́n fi wéra, wọ́n ní, "Ó dára." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí mọ̀ pé ìyẹn tó ìlù àti ijó. Mo lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́rí, mo jó.

Àná ni Màmá Aránṣọ wá. Ewé kejìlélọ́gbọ̀n ni ti Àbámẹ́ta, ìkẹtàlélọ́gbọ̀n ni ti Ọjọ́rú. Obìnrin kejì ni ẹ̀gbọ́n, Màmá Aránṣọ ni àbúrò. Mo tẹ́ méjèèjì síwájú wọn, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ti fáànù. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n fi ìka ka ọjọ́. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mẹ́rin péré?" Wọ́n wá yọ fóònù pe obìnrin kejì, nínú yàrá tí a ti kọ fóònù léèwọ̀. Mo wo Ìyá Pẹ́ńsùlù, àwọn sì ń wo òrùlé. Kí a tó mọ̀, Màmá Aránṣọ ti kúnlẹ̀ gbì sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò yín ni o." Gbogbo wa gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń fa imú nínú fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Dìde nílẹ̀, jàre. Ṣebí orúnkún rẹ ò dára."

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ fi ẹnu ko àbíkẹ́yìn lẹ́nu fún mi. Mo ń retí èsì yín, ìyìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o.

Èmi ni àbúrò yín, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀,

Ọlọ́wọ́-Wàrà.