Ìgò Àgbo Kejì

Jídé, adé orí mi,

Màmá rẹ gbé ìgò àgbo méjì dé láti Òmù-Àrán láàárọ̀ yìí. "Ìbídùn, mu ún, kí ilé ọmọ rẹ lè ṣí." Mo mu ọ̀kan tán. O ti mú mi búra, mi ò lè sọ fún wọn pé dókítà ní kò sóhun tó ṣe mí, pé ṣegede tó mú ọ nígbà tí ò ń bàlágà ló ba àtọ̀ rẹ jẹ́, kò sì sóògùn, àfi ká gba ọmọ tọ́. Wọ́n ní tí mi ò bá lóyún kí Kérésì tó dé, àwọn á fẹ́yàwó fún ọ.

Ìfẹ́ rẹ ò kú lọ́kàn mi, ọkàn náà ló ti rẹ̀. Mo ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ókè-Òyì. Màmá rẹ ń sùn ní yàrá. Ìgò kejì nìyí. Mu ún lójú wọn, kí wọ́n bi ọ́ nídìí rẹ̀.