Màmá Ọlọ́ràá, Ẹni tí Ọ̀rọ̀ Ìbọn Kò Jẹ́ kó Fìdí Kalẹ̀

Ọdún 1941 ni wọ́n bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ọlọ́ràá, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni bàbá náà, aránṣọ ni ìyá wọn. Bọ̀ọ̀dá kan ṣoṣo ló ṣáájú wọn. Nílé ìwé, olùkọ́ fẹjọ́ sùn pé ọmọ yìí kì í lè jókòó títí agogo yóò fi lù.

Ní 1957, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ bàbá wọn. Ìbọn àtijọ́ tí à ń ki láti ẹnu ni wọ́n ń ṣe: a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi àkísà tí a fi ọ̀rá pa wé ọta, a ó sì fi ọ̀pá tì í wọlé títí yóò fi jókòó lórí ẹ̀tù.

Ní 1963, lórí pápá ìdíje ìbọn yíyìn, gírísì ọkọ̀ ni bọ̀ọ̀dá wọn fi pa àkísà. Gírísì pò mọ́ èérí ẹ̀tù, ó dì bí ọ̀dà sínú ìbọn. Ọta há sáàárín, bọ̀ọ̀dá rò pé ó ti dé ìdí. Bí wọ́n ṣe yìn ín, irin bẹ́, ó gé ìka méjì lọ́wọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá búra pé àwọn ò tún fọwọ́ kan ìbọn mọ́.

Àtìgbà náà ni ara Màmá kò ti balẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀rá tí kò ní dì mọ́ inú ìbọn. Wọ́n dán itọ́ wò, irin dípẹtà. Ọ̀rá màlúù le gbagidi nígbà òtútù. Òróró ólífì ń ṣàn sínú ẹ̀tù nígbà ooru, ìbọn á kàn ṣe fùùù.

Ní 1966, wọ́n fẹ́ awakọ̀ ojú irin kan, onísùúrù èèyàn.

“Ìkòkò wo la ó fi se ọbẹ̀ báyìí?” ni ọkọ wọn máa ń bi wọ́n. “Ọ̀rá ti gba gbogbo rẹ̀.”

“Ẹ ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀.”

“‘Ó kù díẹ̀’ rẹ yìí, a ti bímọ mẹ́ta lé e lórí!”

Ní 1978, Màmá yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ òróró ólífì. Wọ́n yìnbọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí, wọn ò nu inú rẹ̀. Ọta tó kẹ́yìn wọlé wẹ́rẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé ìbọn lọ bá bọ̀ọ̀dá wọn.

“Ta ló ní mo fẹ́ rí nǹkan yìí?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ kàn tì í wọlé ni. Ẹ má yìn ín.”

Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ tó kù díẹ̀ káàtó di ìbọn mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì ti ọ̀pá. Kò há. Wọ́n gbé ìbọn lé èjìká.

“Níbo lo fẹ́ kí n yìn ín sí?”

Màmá bú sẹ́kún.

Ṣé wọ́n wá sinmi? Rárá o. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò tún wà lórí iná: wọ́n ní ó lè má dáa nígbà òtútù.

Ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè tètè jáde. Síbẹ̀ wọn kì í pa ìsìn jẹ. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọdẹ láti fi àmì sára ọ̀pá ìkìbọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọta há bí àmì náà kò bá wọlé dé ẹnu ìbọn. Kò tún sẹ́ni tó fara pa lórí pápá ìdíje náà mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ṣì ń bi nọ́ọ̀sì pé irú ọ̀rá wo ló wà nínú ìpara tó fi ń ra wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n dákẹ́ ní ọdún 2019.

Bọ̀ọ̀dá wọn, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára. Ẹ sùn, ẹ sùn wọra.